Aṣọ Ìnujú Tí O Bá Nínú Aṣọ Fífọ̀

Attiégou, Lomé,
ọ̀sán Ọjọ́bọ̀.

Sìdíkátù, Àníkẹ́ mi, ọmọ tí mo pọ̀n lọ sọ́jà tí mo pọ̀n bọ̀,

Inú ìwé tí mo fi ń kọ ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní yunifásítì ni mo ti ya àwọn ojú ìwé wọ̀nyí, nítorí náà bí etí wọn bá rí jákujàku, má bínú. Ìyá Fàtímọ̀ tí ìsọ̀ rẹ̀ kangun sí tiwa ń lọ sí Dákà lọ́la láti ra aṣọ, òun ni mo fẹ́ fi wọ́n rán sí ọ. Mo mọ̀ pé o máa béèrè ìdí tí mi ò fi pè ọ́. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá pè ọ́, Ìyá àgbà máa ń jókòó tì mí, wọ́n á dẹtí sí i kí wọ́n lè gbọ́ ohùn rẹ, wọn kò sì ní í béèrè fóònù lọ́wọ́ mi. Ìwọ náà kì í ní kí n gbé e fún wọn. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi kò ṣeé sọ lójú wọn. Ó kù kí n kọ ọ́.

Ìmọ̀ràn ni mo jókòó láti kọ, irú èyí tí ìyá máa ń fún ọmọ tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun. Mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti fà á ya lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ta ni mí tí màá máa gba dókítà tó mọ inú ọpọlọ nímọ̀ràn? Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọdún kìíní ní ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, tí àwọn ọmọ tí mo lè bí ń pè ní "Mámáà" nínú gbọ̀ngàn, tí wọ́n ń dìde fún bí ẹni pé mo wá bẹ olùkọ́ nítorí ọmọ mi tó ṣẹ̀. Títí di òní, bí mo bá ti jókòó, ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹnìkan yóò fọwọ́ kàn mí léjìká pé, "Mámáà, ẹ ti ṣi yàrá wọ̀."

Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà mi ni mo fẹ́ tú sílẹ̀ fún ọ. Mú èyí tó bá wúlò nínú rẹ̀.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tó fúyẹ́. O ti ń gbọ́ láti kékeré pé àìsàn ló mú mi fi ilé ìwé sílẹ̀. Ara mi yá, Àníkẹ́. Ní ọdún tí mo wọ lísè, ilé ìwé girama wa níbí, olùkọ́ ìṣirò wa máa ń parí ẹ̀kọ́ pẹ̀lú pé, "Ṣé ó yé yín?" Èmi á sì mi orí. Yorùbá là ń sọ nílé, Mina là ń sọ lọ́jà, Faransé tí ọkùnrin yẹn ń sọ máa ń kọjá lórí mi bí ẹyẹ ni. Mo rò pé èmi nìkan ni kò yé. Mo mi orí títí tí sáà fi parí. Nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ kan, mo dùbúlẹ̀, mo ní inú ń run mí. Ìyá àgbà se àgbo fún mi. Mo mu odindi ìkòkò àgbo tán nítorí irọ́. Mi ò padà sí ilé ìwé mọ́ títí orí mi fi hu ewú.

Nítorí náà, ní yàrá ìwádìí tuntun yẹn, má mi orí sí ohun tí kò bá yé ọ. Sọ pé "mi ò mọ̀" ní ọ̀sẹ̀ kìíní, nígbà tí kò tíì wúwo. Èmi náà ti ń sọ ọ́. Ní oṣù tó kọjá mo na ọwọ́ sókè nínú gbọ̀ngàn, gbogbo orí yí sẹ́yìn wò mí, mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ gbẹ̀yìn yẹn, mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀." Ọmọbìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mí kanlẹ̀, ó ní, "Mámáà, ẹ ṣeun. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni èmi náà ti ń mi orí." Ẹ̀rín pa mí títí mo fi délé.

Gbólóhùn kan wà tó le ju "mi ò mọ̀" lọ. Màá dé ibẹ̀. Ní sùúrù fún mi.

Ọjọ́ tí o sọ fún wa pé wọ́n ti gbà ọ́ síbi tí wọ́n ti ń wádìí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ ẹni tí nǹkan ti di bárakú fún, ìbáà jẹ́ ọtí, ìbáà jẹ́ tábà, Ìyá àgbà béèrè pé, "Ṣé ẹ máa ń la orí wọn ni?" O rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ. O ní, "Rárá, Ìyá àgbà, ẹ̀rọ la fi ń wò ó, a sì máa ń bá wọn sọ̀rọ̀." Wọ́n ní, "Ìyẹn dára. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ púpọ̀."

Nígbà náà lo wá ṣàlàyé fún wa. O ní nǹkan kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní dópámíìnì. O ní kì í ṣe òun ni adùn, pé òun ló ń sọ fún ọpọlọ pé, "Sàmì síbí, kí o lè padà wá." O ní bó bá pẹ́, kò ní dúró de tábà mọ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ohùn agolo, òórùn àga, àsìkò kan ní ọ̀sán, àwọn wọ̀nyí nìkan ti tó láti jí i. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ sẹ́yìn ìwé mi. Ìyá àgbà ní tiwọn ń wo agolo aáṣáà wọn lórí itan bí ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìdáa.

Jẹ́ kí n sọ ìtàn agolo yẹn fún ọ bí èmi ṣe mọ̀ ọ́n, nítorí nígbà tí ìwọ dé ayé, ó ti kù díẹ̀ kí ìtàn náà tán.

Nínú ilé tí a ń gbé lẹ́yìn ọjà nígbà náà, awakọ̀ kan máa ń bá Ìyá àgbà gbé ewé tábà wá láti Ìsẹ́yìn ìlú wọn. Wọn kì í tà á o. Àwo ni wọ́n ń tà. Wọ́n á sá ewé náà, wọ́n á fi kánún díẹ̀ sí i, wọ́n á lọ̀ ọ́ lórí ọlọ títí yóò fi kúnná. Bí wọ́n bá ń lọ̀ ọ́, àwa ọmọdé á máa sín káàkiri àgbàlá bí ewúrẹ́ tó jẹ ata. Òórùn yẹn, bí mo bá gbọ́ ọ níbikíbi láyé, ọmọ ọdún méje ni mí lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun alásárì, ọ̀rẹ́ wọn méjì á dé: Ìyá Ṣakí tó ń ta ọṣẹ, àti Ìyá Kétu tó ti Benin wá. Ìyá Ṣakí á jókòó lápá ọ̀tún, Ìyá Kétu lápá òsì. Ìyá àgbà á fi èékánná kan ìdérí agolo lẹ́ẹ̀mẹta, kó, kó, kó, wọ́n á ṣí i, wọ́n á kọ́kọ́ na án sí ọ̀tún, lẹ́yìn náà sí òsì, kí wọ́n tó bu tiwọn. Ìyá Kétu ni sísín rẹ̀ le jù.

"Ìyá Kétu, rọra sín, o máa lé àwọn oníbàárà mi lọ!"

"Oníbàárà wo? Èyí tí ó ti yẹ àwo rẹ wò láti àárọ̀ tí kò rà?"

"Ẹ gbà mí o, obìnrin yìí sín, ó tún ń bú mi!"

Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹni tó bímọ, ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tà, ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń yọ lẹ́nu. Ìyá àgbà ní òfin kan: "A kì í dá aáṣáà fín. Ẹni tó bá ń dá a fín, aáṣáà ló ń fín in." Ìyá Ṣakí kú ní ọdún tí o wọ ilé ìwé. Ìyá Kétu padà sí ìlú rẹ̀, kò sì pẹ́ sí i. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì lọ, ó dá mi lójú pé o ti rí i, Ìyá àgbà ṣì máa ń na agolo sí ọ̀tún, wọ́n á na án sí òsì, kí wọ́n tó bu. Ìwọ rò pé ọwọ́ wọn ló ń gbọ̀n. Kì í ṣe gbígbọ̀n.

Mi ò sọ pé tábà dára. Mo ti gbọ́ ohun tí o sọ nípa ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru, mo sì gbà. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí o bá jókòó níwájú ẹnìkan, tí o fẹ́ mọ ohun tó ń mú un padà síbẹ̀, béèrè ẹni tó máa ń jókòó tì í nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Bóyá ẹ ti ń béèrè rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ni mí, bí mo bá ṣì í, fi ọwọ́ rọra tún un ṣe fún mi.

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ wá kàn, Ọlọ́hun kó dẹ ilẹ̀ fún wọn.

Baguida ìgbà yẹn kì í ṣe ti ìsinsìnyí. Àgbọn àti àwọ̀n ẹja lo máa rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun, ilé kò pọ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni bàbá rẹ ń tún ṣe níbẹ̀. Bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á mu sódábì, ọtí líle tí wọ́n ń fi ẹmu pọn yẹn. Díẹ̀ díẹ̀, ó di ojoojúmọ́. Mo ṣì kéré nígbà náà, orí mi gbóná. Ní ọjọ́ Iléyá, ẹ̀gbọ́n wọn wà ní pálọ̀, Àlùfáà wà níbẹ̀, ẹran wà nílẹ̀. Mo lọ yọ ìgò náà nínú àpótí irinṣẹ́ wọn, mo gbé e kalẹ̀ láàárín àwo ẹran. Mo ní, "Ẹ bá mi bi wọ́n o, ta ló ni èyí?"

Ẹ̀gbọ́n wọn ní, "Ìyàwó, gbé e kúrò." Mo rò pé mo ti ṣẹ́gun.

Bàbá rẹ kò fi sódábì sílẹ̀. Oúnjẹ mi ni wọ́n fi sílẹ̀. Fún ọdún kan gbáko, wọn kò fi ẹnu kan ohun tí mo sè. Ìyá àgbà ló tún un ṣe, wọn kò sì bá mi jà. Wọ́n kàn sọ fún ọkọ mi pé, "Àna mi, máa yà sọ́dọ̀ mi jẹun ní ìrọ̀lẹ́ kí o tó lọ síbikíbi tí o bá ń lọ. Ebi kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ ohun tó ń wá gan-an." Wọ́n á jẹun, wọ́n á sọ̀rọ̀ ẹja, wọ́n á sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ìgò. Ìgbà míì ọkọ mi á jẹun tán, ọ̀rọ̀ á dùn, wọ́n á gbàgbé láti lọ. Ìgbà míì wọ́n á lọ. Ó gba ọdún méjì. Nígbà tí ìwọ fi gbọ́njú mọ̀ wọ́n, òórùn epo ẹ́ńjìnnì nìkan ló kù lára wọn, o sì máa ń sọ pé òórùn náà dùn.

Ohun tí mo kọ́ nìyẹn: ẹni tí o bá dójú tì lórí nǹkan, kò ní í fi nǹkan náà sílẹ̀, ìwọ ni yóò fi sílẹ̀. Mo rò pé mo ti kọ́ ọ dáadáa. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, wọ́n wí. Wọn kò sọ ohun tí a ó pe ẹni tó tún padà jìn sí i.

Ó tó àkókò, jẹ́ kí n sọ ọ́.

Nígbà tí o wá lo ọ̀sẹ̀ méjì pẹ̀lú wa kí o tó lọ sí Dákà, ní ọjọ́ kẹta, Ìyá àgbà gbé ọwọ́ lé ọ lórí, wọ́n ní, "Iṣẹ́ tí o fẹ́ lọ ṣe yìí, mi ò ní jẹ́ kí wọ́n fi èmi bú ọ. Nítorí tìẹ, mo gbé e sílẹ̀." Wọ́n gun àga, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbé agolo náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù. O ní kí wọ́n jẹ́ kí o dà á nù. Wọ́n ní rárá, kí ó wà níbẹ̀, kí àwọn lè mọ̀ pé àwọn làwọn fi í sílẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá kọjá.

Àárọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò rẹ, àpótí rẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ń ṣa ẹ̀wà, Ìyá àgbà ń mu kóko. O ń wá ìborùn rẹ nínú aṣọ fífọ̀, o sì fa aṣọ ìnujú funfun kan jáde tó ní àbàwọ́n tábà láàárín. O gbé e sí imú.

"Ìyá àgbà, aáṣáà nìyí."

Wọ́n wo aṣọ náà. Wọ́n wò mí. Wọ́n tún wo kóko wọn.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Aáṣáà ni."

"Ẹ ní ẹ ti fi sílẹ̀."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ gbé ọwọ́ lé mi lórí."

"Mo gbé e lé ọ, Àníkẹ́."

"Ẹ wá ń purọ́ fún mi, Ìyá àgbà?"

Ẹyin lohùn. Mo gbọ́ bó ṣe fọ́. Nínú ilé wa, láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí wọn lójú. Wọ́n ní, "Tóò." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà nìyẹn. Ìwọ gun àga, o sọ agolo náà kalẹ̀, o tì í sínú àpò rẹ. Nígbà tí ọkọ̀ dé, wọ́n súre fún ọ láti inú yàrá, wọn kò jáde. O sunkún nínú ọkọ̀. Mo di ọwọ́ rẹ mú, mo ní, "Àgbà ni wọ́n, má bínú sí wọn." Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Aṣọ ìnujú yẹn, tèmi ni.

Mo ti kọ ọ́ báyìí. Mo dìde, mo mu omi, mo padà wá, ó ṣì wà níbẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ̀kọ́ wa máa ń bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù, bí ó bá sì di ọ̀sán, oorun á gbé mi lórí ìjókòó. Mo gbọ́ tí àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn ń rẹ́rìn-ín pé Mámáà ń hanrun. Ojú tì mí. Ní ọjọ́ kan nígbà ìdánwò àkọ́kọ́, mo bu díẹ̀ nínú agolo Ìyá àgbà nígbà tí wọ́n lọ ṣe àlùwàlá. Ojú mi là kedere. Mo ka ojú ìwé ogún. Ó wá di ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ó di ojoojúmọ́. Ó wá dé ibi tí ó jẹ́ pé bí mo bá ti ṣí ìwé, imú mi ni yóò dáhùn. Ìgbà tí ìwọ ń ṣàlàyé dópámíìnì fún wa lórí àga, tí mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ rere, ara mi lò ń kà fún mi. Nígbà tí Ìyá àgbà gbé agolo sórí kọ́bọ́ọ̀dù, èmi ni mò ń gun àga. Mo dá a fín, Àníkẹ́. Èmi ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ilé wa tó dá a fín.

Mo lè sọ ọ́ ní àárọ̀ yẹn. Ẹ̀wà wà lọ́wọ́ mi, ẹnu mi ti là. Mo wo ojú rẹ, mo rò ó pé, ọmọ mi tó ń fi mí yangàn fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ìyá òun wọ yunifásítì, kí ni yóò rò? Mo pa ẹnu dé, mo tún ń ṣa ẹ̀wà. Gbólóhùn tó le ju "mi ò mọ̀" lọ ni "èmi ni."

Lẹ́yìn tí o lọ, agolo lọ pẹ̀lú rẹ. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Mo jágbe mọ́ ẹni tó ń ta omi. Ní ọjọ́ kẹta, mo jókòó sẹ́yìn ilé, mo fi ọwọ́ di orí mú. Ìyá àgbà wá, wọ́n gbé omi tútù fún mi.

"Ọjọ́ kẹta ló máa ń le jù," ni wọ́n wí. "Tó bá di ọ̀la, á ti fúyẹ́ díẹ̀. Èmi ti gba ibẹ̀ kọjá."

Mo gbójú sókè. "Ẹ mọ̀?"

"Ta ni ì bá gun àga nínú ilé yìí? Eku?"

"Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún un?"

Wọ́n ní, "Bó bá sọ fún mi pé mo purọ́, mo ti darúgbó, yóò kọjá. Bó bá sọ fún ọ, ta ni yóò máa gbọ́ràn sí lẹ́nu? Ìwọ ni ìyá rẹ̀. Fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀."

Mo fi í sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wí. Ìwà mi nìyẹn. Ní ọjọ́ karùn-ún mo yà lọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta tábà lẹ́bàá ọjà, mo ní kí ó wọn díẹ̀ fún mi. Ó ní, "Ti Ìyá ni, àbí? Ó pẹ́ tí mi ò rí wọn." Àníkẹ́, "bẹ́ẹ̀ ni" ti dé orí ahọ́n mi. Mo fẹ́ tún gbé e rù wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Mo yí padà láìdágbére, obìnrin náà ń pè mí lẹ́yìn.

Síbẹ̀, ìyẹn náà kò mú mi kọ̀wé. Ohun tó mú mi kọ̀wé ni ọ̀rọ̀ tí o sọ fún mi lórí fóònù ní ọjọ́ Àìkú. O ní ó kù díẹ̀ kí o bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ènìyàn lálejò fún ìwádìí náà. O ní, "Wọ́n máa ń purọ́, Màámi. Mo ti sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé ìyá àgbà tó tọ́ mi gan-an purọ́ fún mi, ká má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni gbọ́." Ohùn rẹ ń ròkè nínú fóònù, Ìyá àgbà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n rọra dìde, wọ́n lọ wo ẹ̀wà tí kò sí lórí iná.

O ti fi irọ́ mi ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ. Àwọn ènìyàn á máa wọlé tọ̀ ọ́ wá, ẹni tó ti fi nǹkan sílẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá pẹ̀lú ìnira, ìwọ á sì máa wá àbàwọ́n lára aṣọ rẹ̀ nítorí ohun tí o rò pé o rí nílé wa. Aṣọ ìnujú kò ní orúkọ lára. O rí tábà, òótọ́ ni, tábà ni. O kò béèrè imú tó ni ín. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìwádìí ní Dákà, ṣùgbọ́n olùkọ́ wa ní ìbéèrè tí a kò béèrè ló máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ ju ìdáhùn tí a ṣì lọ. Mo ronú kàn ọ́ nígbà tó sọ ọ́, mo sì bo ojú mi pẹ̀lú ìwé.

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ bi ọ́, mi ò mọ̀ bóyá ìbéèrè òmùgọ̀ ni. Láti ìgbà tí mo ti mọ Ìyá àgbà, bí oṣù ààwẹ̀ bá dé, láti òwúrọ̀ títí di ìgbà tí oòrùn bá wọ̀, wọn kì í fọwọ́ kan agolo, orí kì í fọ́ wọn, wọn kì í bínú. Ìyá Ṣakí àti Ìyá Kétu náà bẹ́ẹ̀. Wọ́n á jókòó lẹ́yìn alásárì, agolo á wà láàárín wọn ní títì, wọ́n á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ọpọlọ kan náà ni. Èmi tí wọ́n gba agolo lọ́wọ́ mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè ní ọjọ́ kẹta. Kí ló fà á? Èrò tèmi ni pé nínú ààwẹ̀, àwọn fúnra wọn ni wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n mọ ìgbà tí yóò parí, ẹnikẹ́ni kò sì dá nìkan gbé e sílẹ̀. Bóyá ẹ̀rọ yín ti rí i tipẹ́. Bí kò bá tíì rí i, bi Ìyá àgbà. Àwọn ni ọ̀gá nínú rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ ọ́. Sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ pé ìtàn tí o sọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kí o sì sọ ẹni tó jẹ́ gan-an. O lè dárúkọ mi, mo gbà. Má da ohun tó wà nínú agolo nù. Mú un bọ̀ nígbà tí o bá ń bọ̀, Ìyá àgbà fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn gbé e padà síbi tí wọ́n gbé e sí. Wọn kò tíì fín aáṣáà láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọwọ́ lé ọ lórí. Èmi náà kò fín in láti ọjọ́ tí o lọ, ṣùgbọ́n má kan sáárá sí mi, èmi wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi ni. Mò ń kọ́ bí a ṣe ń gbé e sílẹ̀ báyìí. Ìyá àgbà ló ń kọ́ mi. Lọ́sàn-án, bí mo bá ṣí ìwé, wọ́n á wá jókòó tì mí, wọ́n á ní, "Kà á sókè kí n gbọ́," bẹ́ẹ̀ wọn kò gbọ́ Faransé.

Ẹ̀kẹta, pè wọ́n. Má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àlàyé. Kí wọn, kúnlẹ̀ níbi tí o bá wà, wọn kò ní rí ọ ṣùgbọ́n wọ́n á gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ.

Lẹ́yìn ìrun alásárì ni kí o pè. Wọ́n máa ń jókòó síbi tí wọ́n ti ń jókòó látijọ́. Wọ́n á gbé fóònù wọn sórí àga tó wà lápá ọ̀tún, àga Ìyá Ṣakí. Wọ́n á fi èékánná kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, kó, kó, kó, wọ́n á sì wo ojú rẹ̀ bóyá ó máa ṣí.

Èmi ni, ìyá rẹ,
akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní.